ẸNI TÓ DÁ INÁ SÍLẸ̀
(Ẹ ka Jóẹ́lì 1:19 àti Ẹ́kísódù 22:6)



Ẹ̀yin àgbà á rántí ọ̀dá ọdún 1983. Ọyẹ́ fẹ́ títí ewé fi gbẹ bíi bébà, iná sì jó oko kòkó láti Gánà títí dé ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín. Kòkó kì í ṣe àgbàdo. Ẹni tó bá tún un gbìn á dúró tó ọdún mẹ́rin sí márùn-ún kó tó rí èso ká. Oko ẹlòmíràn di oko ẹ̀gẹ́ pátápátá.

A ké pe Olúwa fún òjò nígbà náà, bí Jóẹ́lì ti ké. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Ọlọ́run ni òjò wà. Ṣùgbọ́n ìṣáná ńkọ́, ọwọ́ ta ló wà? Ọdẹ tó ń lé ọ̀yà, àgbẹ̀ tó ń sun igbó: àwa náà ni, kì í ṣe áńgẹ́lì. Òfin Mósè sì sọ pé ẹni tí iná rẹ̀ bá jó ọkà ẹlòmíràn, dandan ni kó san án padà.

Arákùnrin, bí iná rẹ bá ti jó oko opó kan rí, tí o sì dákẹ́, má tíì gbé ìkórè rẹ wá síwájú pẹpẹ. Lọ bá a nílé lónìí, kí o bẹ̀ ẹ́. Má ṣe lọ lọ́wọ́ òfo o.