Ta Ló Búra sí Ọjọ́ Orí Yìí?

Bí ọmọkùnrin kan bá mọ bọ́ọ̀lù gbá ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, kì í pẹ́ tí ejẹ́ǹtì á fi dé. Kì í béèrè ilé tí ọmọ ti wá. "Bàbá, ọmọ ọdún mélòó ni ká kọ fún un?" Bàbá á wo ọmọ lójú, á dárúkọ iye tí Yúróòpù ń fẹ́. Wọ́n á gba kóòtù lọ, wọ́n á búra, ọmọ ọdún 23 á sì di ọmọ ọdún 17 kí oòrùn tó wọ̀. "Football age" la ń pè é, a sì ń fi rẹ́rìn-ín.

Ti pé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú nirú èyí ti ń ṣẹlẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Àwa kọ́ la ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ni? Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà, tó wàjà ní 2025 lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́, sọ ọ́ di ńlá, débi pé lọ́jọ́ Ojúde Ọba, lẹ́yìn Iléyá, gbangba ni gbogbo ayé ń rí àwọn tí a bí lásìkò kan náà: aṣọ kan náà, fìlà kan náà, wọ́n ń jó lọ síwájú ọba. Ìyá lè ṣi ọdún tó bímọ kà. Ẹgbẹ́ ẹni kì í gbàgbé ẹni tí wọ́n jọ wọ kíláàsì àkọ́kọ́.

Irọ́ yìí ti nà wá rí. Ní 1989, FIFA fòfin de àwọn ikọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà fún ọdún méjì nítorí ọjọ́ orí tí kò bára mu. Ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tí à bá gbà lálejò ní 1991 bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ilẹ̀ Potogí ló gbà á. Nígbà tó di 2009, tí ìdíje àwọn tí kò ju ọmọ ọdún 17 lọ wá sílé wa, ẹ̀rọ ni wọ́n fi wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ. Púpọ̀ nínú àwọn tiwa ni kò yege.

Ilẹ̀ Potogí kan náà sì ni Rashidi Yekini wọ̀ ní 1990, ẹni ọdún 26. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars n'Ìbàdàn, fún Abiola Babes l'Abẹ́òkúta, fún Africa Sports l'Abidjan. Lójú ejẹ́ǹtì òde òní, ó ti gbó jù. Ní 1993 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Ní sáà 1993 sí 1994, ó ju góòlù 21 sáwọ̀n fún Vitória Setúbal, kò sì sẹ́ni tó jù ú lọ ní líìgì wọn. Nígbà tó darí wálé, ó ṣì gbá bọ́ọ̀lù fún Gateway, ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ wa níbí, ní 2005. Ẹni ọdún 41 ni, ìwé ìròyìn sì kọ ọ́ síta.

Mo mọ̀ pé àwọn òyìnbó náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ọmọ kékeré ni wọ́n ń fẹ́ rà, kí wọ́n lè tún un tà lọ́la. Àmọ́ oníbàárà kì í tẹ̀ lé wa lọ sí kóòtù. Àgbàlagbà onírun funfun ló ń gbé ọwọ́ sókè níbẹ̀, Bíbélì tàbí Kùránì lọ́wọ́ kejì.

Ara kì í ka ìwé. Tí ìwé bá ní ọmọ ọdún 27 ni, ẹni ọdún 33 ni orúnkún rẹ̀. Kóòṣì á rí i pé kò lè sáré mọ́, wọn ò ní tún ìwé àdéhùn rẹ̀ ṣe. Á wá sílé fún Iléyá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n mọ ọdún tí wọ́n bí i dájú, á rán aṣọ fún un, wọ́n á bá a jó dé Ojúde Ọba, wọ́n á gba yúrò tó bá nà sí wọn, wọn ò sì ní bi í léèrè ohunkóhun.