A Kì í Gba Àkàkà Lọ́wọ́ Akítì

A kì í gba àkàkà lọ́wọ́ akítì, a kì í gba ilé baba ẹni lọ́wọ́ ẹni. Bí ogún ènìyàn bá tilẹ̀ pawọ́ pọ̀ kọ ìtàn kan, oníkálukú ló ni ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé.

Ẹ wo SCP Foundation, ìtàn àròsọ tí òǹkọ̀wé káàkiri ayé jọ ń kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 2007 ni SCP-173, ìtàn àkọ́kọ́ nínú àwọn ìtàn rẹ̀, jáde: ère abàmì tó ń pa ènìyàn bí wọ́n bá ti ṣẹ́jú. Àwòrán tí wọ́n fi sí i kì í ṣe tiwọn. Izumi Kato, oníṣẹ́ ọnà ará Jàpáánì, ló gbẹ́ ère náà. Keisuke Yamamoto ló ya fọ́tò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò tọrọ àyè. Nígbà tí Kato gbọ́, ó fara mọ́ ọn, àmọ́ kò fẹ́ kí wọ́n fi pawó. Síbẹ̀, ní 2022, àwọn tó ń tọ́jú ìtàn náà fọwọ́ ara wọn yọ àwòrán ọ̀hún. Ìwà ọmọlúàbí gidi nìyẹn, mo kí wọn.

Ní ti ọ̀rọ̀ inú ìtàn SCP, ó ṣeé kó pamọ́, bí a bá ti dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Bí òǹkọ̀wé ò bá fẹ́ kí orúkọ òun hàn mọ́, ọ̀nà wà: Archive of Our Own, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó ìtàn sí, máa ń jẹ́ kí orúkọ kúrò, kí ìtàn sì dúró. Òǹkọ̀wé tí a tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fèsì ńkọ́? Èmi ò ní ka ìdákẹ́jẹ́ sí àṣẹ. Kí abala tirẹ̀ ṣì wà níbi tó wà títí a ó fi rí i.