Ojú Ọ̀run Elésè Àlùkò

Àwọ̀ elésè àlùkò ni wọ́n fún ibi tí àwọn òkú ń gbé nínú fíìmù Black Panther. Pápá gbalasa ni. Igi kan dá dúró níbẹ̀, àwọn ẹkùn dúdú rọ̀gbọ̀kú sórí ẹ̀ka rẹ̀, ojú wọn ń tàn nínú òkùnkùn. Lókè wọn, ìmọ́lẹ̀ ń wọ́ lọ jẹ́jẹ́ lójú sánmà, elésè àlùkò tó ń yọ́ wọ inú aró. T'Challa, ọba tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yanrìn pupa bò mọ́lẹ̀, lajú síbẹ̀, ó sì rí bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé. Ó kúnlẹ̀. Bàbá ní kó dìde, ọba ni. Ó ṣe díẹ̀ kí ọba náà tó sọ ohun tí ọmọ èyíkéyìí ì bá sọ, pé òun kò tíì ṣe tán láti wà láìsí i.

Mo ti wo ibẹ̀ débi pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló ń dá mi dúró mọ́. Àwọ̀ yẹn ni. Mo máa ń ronú nípa àwọn tó yàn án. Mo ń fojú inú wò wọ́n nínú yàrá kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀ǹpútà níwájú wọn, kọfí ti tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń jiyàn lórí irú sánmà tó yẹ àwọn òkú. Kí aró rẹ̀ dín díẹ̀. Kó pọ́n sí i. Rárá, ó ti pọ́n jù. Iṣẹ́ òòjọ́ lásán ni fún wọn, wọn yóò parí rẹ̀, wọn yóò sì lọ sílé lọ jẹun alẹ́. Kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀ rí nínú wọn. Bí wọ́n bá sì ṣì í yàn, ta ni yóò ti ibẹ̀ wá sọ fún wọn?

Ryan Coogler ló darí fíìmù náà, ọdún 2018 ló jáde. Rachel Morrison ló di kámẹ́rà mú, Hannah Beachler ló ṣètò ìrísí ìlú Wakanda, Ruth Carter ló ṣe aṣọ. Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí gba Oscar nítorí rẹ̀. Agbádá tí bàbá àgbàlagbà tó ń jẹ́ Zuri gbé wọ̀ nínú fíìmù náà, ẹni tó bá ti lọ òde ìnáwó rí nílẹ̀ Yorùbá á mọ ibi tí wọ́n ti mú un.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọdún 2017 ni wọ́n ya fíìmù yìí. Láti 2016 ni àwọn dókítà ti rí àrùn jẹjẹrẹ nínú ìfun Chadwick Boseman, tó ṣe T'Challa, gẹ́gẹ́ bí ẹbí rẹ̀ ṣe wá sọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó bò ó mọ́ra. Ó ń jà, ó ń fò, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Sánmà elésè àlùkò yẹn, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe é; lọ́jọ́ tí wọ́n ń yà á, ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ọkùnrin náà gbójú sókè sí. Ó dúró, ó ń bá òkú sọ̀rọ̀, àìsàn wà lára rẹ̀, ẹni tó sì ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n kò mọ nǹkan kan. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ló kú, ẹni ọdún 43. Bí mo bá tún dé ibi pápá yẹn báyìí, kò yé mi mọ́ bóyá T'Challa ni mò ń wò tàbí òun. Bóyá kò sí ìyàtọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣáà ti mọ̀nà ibẹ̀.

Ọ̀tá T'Challa, Killmonger, náà lọ bá bàbá tirẹ̀. Kò rí pápá. Kò rí igi, kò rí ẹkùn. Inú ilé kékeré tí wọ́n ń gbé ní Oakland ló bá ara rẹ̀, ibi tí wọ́n ti pa bàbá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ògiri wà níbẹ̀, ohun tí bàbá fi pamọ́ sínú ògiri náà ṣì wà níbẹ̀. Ojú fèrèsé nìkan ló yàtọ̀: sánmà elésè àlùkò kan náà ló wà lóde, ó ń ràn wọlé díẹ̀díẹ̀. Bàbá bi í pé ṣé kò ní sunkún òun ni. Ọmọ náà, tó ti padà di ọmọdé níbẹ̀, ní gbogbo èèyàn ní í kú, pé bí ayé àdúgbò àwọn ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí kámẹ́rà fi máa padà sí i lójú, àgbàlagbà ni, omijé sì ti dé.

Mo rò pé ibí yìí ni fíìmù náà ti sọ òótọ́ jù lọ, kò sì fi ọ̀rọ̀ sọ ọ́. Sánmà kan náà, ẹnì kan wà lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ń yọjú wò ó láti inú yàrá. Ọmọ tí ilé gbà ló ni pápá; ọmọ tí wọ́n pa tì ló ni pálọ̀.

Èmi ńkọ́? Bó bá jẹ́ ibi tí ojú ẹni mọ̀ jù lọ ni wọ́n ń gbé èèyàn lọ, pálọ̀ ni tèmi náà. Mo mọ̀ ọ́n. Fèrèsé onígíláàsì gbọọrọ tó máa ń dún bí atẹ́gùn bá fẹ́. Àga tí tìmùtìmù rẹ̀ ti jìn láàárín. Kàlẹ́ńdà lára ògiri, tí ọdún rẹ̀ ti kọjá tipẹ́, tí kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Òórùn kafúrà láti inú àpótí aṣọ. Ìrọ̀lẹ́ ni yóò jẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n tó mú iná dé. Àwọ̀ wo ni kí n wá fún ìta fèrèsé? Mo ti gbìyànjú pupa rúsúrúsú ti ọyẹ́, mo ti gbìyànjú funfun, kò sí èyí tó dúró. Ojú mi á tún padà sínú yàrá.

Ohun tó ń jọ mí lójú nínú àwọn fíìmù akọni wọ̀nyí nìyí. Ìtàn wọn máa ń ní akọni kò ní kú, tàbí pé bó bá kú yóò jí, nítorí apá kejì ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n sì ti ń ka owó rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀, a sì jókòó tì í bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀, òjò ibẹ̀, bí sánmà ṣe fẹ̀ tó lórí èèyàn, àwọn yẹn kì í bá ìtàn purọ́. Wọ́n ń sọ tiwọn lábẹ́lẹ̀.

Ẹ wo Superman tí Richard Donner darí ní 1978. Ayé mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Krypton, níbi tí wọ́n ti bí Superman, funfun, ó tutù, dígí àti yìnyín ni gbogbo rẹ̀. Metropolis ni New York tó ń kánjú. Láàárín méjèèjì ni oko Kansas wà, èyí tí wọ́n lọ yà ní Alberta ní Kánádà, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ lọ títí tí ojú kò fi tó òpin rẹ̀. Superman, tó ṣì jẹ́ ọmọkùnrin níbẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré ya ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀ tán ni. Ó délé, àgbẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà di apá ara rẹ̀ mú, ó ṣubú, ọkàn rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Níbi ìsìnkú, ó ń sọ ọ́ pé pẹ̀lú gbogbo agbára tí òun ní, òun kò lè gba bàbá là. Lẹ́yìn ìyẹn, lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró nínú oko àlìkámà, ìyá rẹ̀ lọ bá a níbẹ̀. Ẹni tí ìbọn kò ràn, ẹ wo bó ṣe kéré tó nínú oko yẹn. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Oko ṣáà fẹ̀, sánmà ṣáà ga.

Geoffrey Unsworth, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló di kámẹ́rà mú. Ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀ ló fẹ́ràn. Ó máa ń fi ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú kámẹ́rà kí etí nǹkan má baà mú jù. Aṣọ tó ń tàn lára àwọn àgbààgbà Krypton, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wíńníwínní tí ojú kò lè dá mọ̀ ló kún ara rẹ̀, wọ́n sì máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tààrà síbi tó ti wá. Irú rẹ̀ náà ló máa ń kọ mànà lára ẹ̀wù àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bí iná ọkọ̀ bá bà á lóru. Wọ́n tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà, gbogbo ara àwọn àgbà náà sì di ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó bá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, aṣọ aláwọ̀ eérú lásán ni yóò rí. Mo fẹ́ràn láti máa ro èyí: Marlon Brando, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, dúró níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ bò ó lójú kámẹ́rà, ẹni tó gbé ife omi dúró lápá kan sì ń wo bàbá kan nínú aṣọ eérú.

Unsworth kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 1978 yẹn, ní ilẹ̀ Faransé, níbi tó ti ń ya fíìmù mìíràn lọ́wọ́. Oṣù Kejìlá ni Superman jáde, wọ́n sì fi ṣèrántí rẹ̀. Christopher Reeve, tó ṣe Superman, tó sì fò lójú sánmà náà, já láti orí ẹṣin ní 1995, kò sì lè gbé apá tàbí ẹsẹ̀ mọ́. 2004 ló kú. N kò kó èyí jọ láti fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń wò ó pé ara tó ń fò níbẹ̀ ṣì ń fò. Bí a bá tan ẹ̀rọ lálẹ́ yìí, yóò tún fò, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ti ń kọjá. Kí ni ìyẹn gan-an? Ó yà mí lẹ́nu ju kí èèyàn lè fò lọ.

Àwọn kan ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan inú fíìmù mọ́ kedere. Batman orí tẹlifíṣọ̀n ti 1966 mọ́ bẹ́ẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ń dán gbinrin, kámẹ́rà á kàn dagun bí wọ́n bá ti dé ibùba ọ̀daràn. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 1989 ni Tim Burton pa iná nínú fíìmù Batman tirẹ̀. Anton Furst kọ́ ìlú Gotham fún un ní Pinewood, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, ilé ga lé ara wọn lórí, òòrùn kò ráyè wọlé. Ó gba Oscar fún un, ó sì kú ní 1991.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni The Batman tí Matt Reeves darí ní 2022, tí Greig Fraser di kámẹ́rà rẹ̀ mú. Òjò kì í fẹ́ dá níbẹ̀. Iná ojú pópó aláwọ̀ ọsàn tó pọ́n ń ṣàn lórí gíláàsì ọkọ̀. Kámẹ́rà ìgbàlódé tí kò lo fíìmù ni wọ́n fi yà á, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yà á tán, wọ́n tẹ àwòrán náà sórí fíìmù gidi, wọ́n sì tún dà á padà sínú kọ̀ǹpútà, kí ó lè gbó díẹ̀. Ìyẹn wù mí púpọ̀, kí èèyàn mú ohun tó mọ́ kedere, kó sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó gbó.

Bí Bruce Wayne, ẹni tó ń jẹ́ Batman, bá ṣí ìbòjú rẹ̀, ọ̀dà dúdú tó fi yí ojú ká ṣì wà níbẹ̀, ó ti yọ́ wálẹ̀ bíi tìróò ẹni tó sunkún sùn. Nínú Batman Returns ti 1992, ọ̀dà yìí wà lójú Michael Keaton títí tó fi kù díẹ̀ kó fa ìbòjú rẹ̀ ya. Lójijì, a kò rí i mọ́. Wọn kò fẹ́ ká rí i nígbà náà. Robert Pattinson, tó ṣe Batman ti 2022, jẹ́ ká rí i. Ojú ẹni tí kò sùn ni, ojú ẹni tí ọjọ́ orí yóò mú.

Lápá ìparí, omi ya wọ gbọ̀ngàn kan, iná kú. Batman tan iná pupa kan, ó gbé e sókè lọ́wọ́, ó ń wọ́ inú omi lọ, àwọn èèyàn ń tẹ̀lé e. Kámẹ́rà wá ń wò wọ́n láti òkè: pupa bíńtín kan, ọ̀wọ́ èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, òkùnkùn yí gbogbo wọn ká. Kò fò. Kò lu ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń rìn ni. Ta ló wà lókè níbẹ̀ tó ń wò wọ́n? Kámẹ́rà ni, mo mọ̀. Mo ṣì ń béèrè.

Orí kọ̀ǹpútà alágbèéká ni mo ti ń wò ó nígbà kan tí wọ́n mú iná lọ. Bí fíìmù náà ti ṣú tó, ojú ẹ̀rọ di dígí. Mo rí ara mi nínú òjò Gotham, awò ojú, irùngbọ̀n tó ti ń funfun, ẹnu bàbá mi lójú mi. Mo fẹ́ wo Batman, ojú mi dí i lọ́nà. Mo yí orí sọ́tùn-ún, ó bá mi yí. Fíìmù tó mọ́ rekete kì í ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gbani lọ́wọ́ ara ẹni. Èyí kò gbà mí. A jọ wà níbẹ̀ ni, èmi àti ọkùnrin tí kò sùn náà, títí bátìrì fi fẹ́ kú.

Mo ti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ní fíìmù yìí ṣókùnkùn jù. N kò bá wọn dá a. Ẹ wò ó lóru, ẹ pa iná yàrá, ẹ má sì fi kún ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ yín.