Àwọ̀ Lára Àwòrán: Ọ̀ṣọ́ Ni Tàbí Èké?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí ojú bá ṣe rí ènìyàn ni ọkàn ṣe ń gbà á. Ní ayé òde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn àti ọ̀pọ̀ ìlú ni ó jẹ́ pé inú àwòrán nìkan ni a ti rí wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó lè yí àwọ̀ àwòrán padà lè yí ìsọnilọ́jọ̀ padà. Ìdí nìyí tí ohun tí ó jọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ lásán fi di ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúwàbí. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ayàwòrán fi àwọ̀ kún àwòrán kí ọkàn ẹni tí ń wò ó lè bàjẹ́, tàbí kí ó lè dùn, tàbí kí ẹ̀rù lè bà á?

Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń sọ. Àwọ̀ onípele ni àwọ̀ tí kì í dúró lójú kan: yóò ki ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò máa ṣí díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi pòórá tàbí kí ó di àwọ̀ mìíràn. Kò ṣàjèjì sí wa. Aláró Òṣogbo tàbí ti Abẹ́òkúta mọ̀ pé bí aṣọ bá wọ inú ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan, àwọ̀ rẹ̀ yóò fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá tún wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò máa ki sí i títí yóò fi dúdú bí òru. Ẹni tí ó bá sì dúró ní Jos ní ìgbà ọyẹ́, tí ó kọjú sí àwọn òkè Shere, yóò rí i pé òkè tí ó súnmọ́ tòsí dúdú, èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣí díẹ̀, èyí tí ó jìnnà jù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ojú ọ̀run. Ọlọ́run ni ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà.

Ohun tí ayàwòrán ń ṣe ni pé ó ń fi irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ bo àwòrán tí ó ti yà tán. Bí ó bá fi òkùnkùn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó sì jẹ́ kí ó máa rá wọ àárín, ẹni tí ń wò ó yóò rò pé ayé ń há mọ́ ẹni inú àwòrán. Bí ó bá fi pupa rẹ́súrẹ́sú sí ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run, ìrọ̀lẹ́ yóò dé, ọkàn yóò sì rọlẹ̀. Agbára yìí ti wà nínú èdè wa pàápàá: ohun tí a ń pè ní ìpọ́njú, kí ni bí kò ṣe pípọ́n ojú?

Iṣẹ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1942 ni Solomon Osagie Alonge, ayàwòrán ààfin Ọba Bìní, dá ilé ìyàwòrán rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Bìní. Nígbà tí fíìmù aláwọ̀ kò tíì wọ́pọ̀, ọwọ́ ni ó fi ń kun àwọ̀ sí ara díẹ̀ nínú àwọn àwòrán tí ó yà ní dúdú òun funfun. Nígbà tí ètò Photoshop, iṣẹ́ Thomas Knoll àti àbúrò rẹ̀ John, jáde ní 1990, iṣẹ́ ọjọ́ kan di iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Lónìí, fóònù inú àpò akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe é.

Àwọn kan sọ pé èké ni. Wọ́n ní ẹ̀rọ ayàwòrán kì í ṣe ojúsàájú. Ohun tí ó bá wà níwájú rẹ̀ ni ó ń gbà, ẹni tí ó bá sì fi ọwọ́ kàn án lẹ́yìn náà ti ba òótọ́ jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wuyì létí, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò le. Nínú ìwádìí tí Lorna Roth tẹ̀ jáde ní 2009, ó fi hàn pé fún ọdún pípẹ́, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni ilé iṣẹ́ Kodak fi ń ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀ fíìmù. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà. Nítorí náà, bí ènìyàn dúdú àti ènìyàn funfun bá jókòó sínú àwòrán kan náà, ojú ẹni dúdú lè ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé eyín àti ẹyinjú nìkan ni yóò hàn. Ayàwòrán tí ó bá tan ìmọ́lẹ̀ sí irú ojú bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ irọ́ ni ó pa? Òótọ́ tí ẹ̀rọ fi pamọ́ ni ó dá padà.

Àwọn mìíràn sọ pé ọ̀ṣọ́ ni, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ọ̀ṣọ́. Ẹ̀rí wọn tí ó lágbára jù lọ wà nínú àṣà ìbejì. Stephen Sprague, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1978, ṣàlàyé ohun tí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yorùbá ń ṣe bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwòrán wọn pọ̀. Wọn a ya èyí tí ó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, wọn a sì tẹ méjèèjì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ó lè dà bí ẹni pé Táíwò àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Bí èyí tí ó kú bá jẹ́ obìnrin tí alààyè sì jẹ́ ọkùnrin, wọn a wọ aṣọ obìnrin fún un ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ta ni yóò dìde láti pe ìyá ìbejì ní òpùrọ́?

Lójú tèmi, ìjà àwọn méjèèjì kò lè parí, nítorí pé oríṣìí àwòrán méjì ni wọ́n ń pè ní orúkọ kan. Àṣà wa ti ya nǹkan méjì yìí sọ́tọ̀ tipẹ́tipẹ́. Bí akéwì bá ń ki ọkùnrin kan, tí ó pè é ní erin, tí ó pè é ní òkè, kò sí ẹni tí yóò ní kí ó gbé òṣùwọ̀n wá. Ẹni tí ń kì mọ̀, ẹni tí a ń kì mọ̀, gbogbo agbo sì mọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe akéwì kan náà wá sí kóòtù láti jẹ́rìí nípa ọkùnrin yìí, a kò ní gba oríkì lẹ́nu rẹ̀; ohun tí ojú rẹ̀ rí ni kí ẹnu rẹ̀ sọ. Bákan náà ni àwòrán oríkì wà, tí àwòrán ẹ̀rí sì wà. Àwòrán ìgbéyàwó, ti ọjọ́ ìbí, ti ìbejì, oríkì ni wọ́n. Àwòrán inú ìwé ìròyìn, ti ọlọ́pàá, ti inú ìwé ìtàn, ẹ̀rí ni wọ́n. Àwọ̀ tí ó jẹ́ ọ̀ṣọ́ lára ti àkọ́kọ́ lè di èké lára ti èkejì.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1994, àwọn ọlọ́pàá Los Angeles ya àwòrán O. J. Simpson, gbajúgbajà eléré bọ́ọ̀lù, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án. Ìwé ìròyìn Newsweek àti Time gbé àwòrán náà sí ẹ̀yìn ìwé wọn ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Newsweek fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Ti Time, Matt Mahurin ti fi ọwọ́ kàn án: ojú ọkùnrin náà ṣókùnkùn sí i, òkùnkùn sì ń ti etí àwòrán rá wọ àárín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn figbe ta pé wọ́n ti fi àwọ̀ dá ọkùnrin aláwọ̀ dúdú lẹ́bi. Olóòtú ìwé náà ní àwọn kò ní èrò ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ète rere kò sọ oríkì di ẹ̀rí. Ìgbà tí ó di oṣù Kẹwàá ọdún 1995 ni ilé ẹjọ́ tó sọ pé kò jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wálé. Jos rí ìjà ìgboro ní 2001, ní 2008 àti ní 2010, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ayé iṣẹ́ ìwakùsà tánganran. Ká ní ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ẹnìkan ya àwòrán òpópónà kan tí èéfín díẹ̀ wà lókè rẹ̀, tí ó sì fi pupa onípele bo ojú ọ̀run, kí ìbànújẹ́ náà lè hàn dáadáa. Kò fi iná kún un. Kò fi òkú kún un. Àwọ̀ nìkan ni. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán náà ti dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá kan sì ti gbà pé gbogbo ìlú ni ó ń jóná mọ́ ọmọ òun lórí. Èyí tí ó burú jù ni pé ó dé àdúgbò kejì ní Jos, ọ̀dọ́ kan sì nawọ́ mú àdá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá fi àwọ̀ wúrà bo àdúgbò tí ó ti di eérú, kí a lè gbà pé àlàáfíà ti dé, ti jẹ́rìí èké.

Ọ̀ràn kan wà tí ó le ju èyí lọ, Jos náà ni ó sì ti ṣẹlẹ̀. Ìlú yìí ni olú ilé iṣẹ́ Nigerian Film Corporation, tí òfin 1979 gbé kalẹ̀, wà. Ní ibi ìṣúra fíìmù ìjọba ní Jos ni wọ́n ti rí fíìmù Shaihu Umar ní 2016, èyí tí Adamu Halilu ṣe ní 1976 láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa, tí ọ̀pọ̀ ti rò pé ó ti sọnù. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn ní Berlin ní 2018. A mọ̀ pé àwọ̀ fíìmù àtijọ́ a máa ṣá. Òmíràn a máa ṣá ṣáájú òmíràn, títí gbogbo àwòrán yóò fi pọ́n. Ẹni tí ń tún irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ yan àwọ̀, nítorí pé bí ó bá fi í sílẹ̀, pípọ́n tí ọjọ́ ogbó mú wá yóò di irọ́. Ẹnu ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Ojúṣe rẹ̀ ni láti wá ohun tí oníṣẹ́ fi síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó wu òun, kí ó sì kọ ohun tí ó ṣe sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹni tí ó fẹ́ fi àwọ̀ kún àwòrán bi ara rẹ̀. Èkínní: ẹni inú àwòrán, ǹjẹ́ ó fọwọ́ sí i? Èkejì: ẹni tí yóò wò ó, ǹjẹ́ ó mọ̀ pé oríkì ni òun ń wò? Ẹ̀kẹta: bí ó bá ṣi àwòrán náà gbọ́, orí ta ni ìyà rẹ̀ yóò já lé? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dára, kí ó kun ún bí ó ti wù ú, kí aṣọ náà wọ aró ní ìgbà méje.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra láti di olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Àwọn ọmọ tí ẹ ó kọ́ yóò rí àwòrán púpọ̀ kí wọ́n tó mọ ìwé kà. Bí ẹ bá ti ń kọ́ wọn ní A, B, D, ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú láti dúró níwájú àwòrán kí wọ́n sì béèrè pé: ṣé ó ń kì ni, tàbí ó ń jẹ́rìí?