Ewúrẹ́ Ọdún, àti Òtítọ́ fún Ọmọdé

Ní ìparí ọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sì ti wọ ìsinmi, kò ṣòro láti rí i ní ọ̀pọ̀ àgbàlá ní Kòsọ́fẹ́, ní Kétu, ní Ìkòsí àti ní àyíká ọjà Mile 12, pé a so òbúkọ tàbí ewúrẹ́ kan mọ́ ìdí igi tàbí mọ́ irin fèrèsé. Ẹran Kérésìmesì ni. Baálé ilé ti rà á sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ó tó wọ́n, àwọn ọmọ tí ó wà nílé fún ìsinmi ni a sì fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Ọ̀ràn àwọn ọmọ wọ̀nyí àti ẹran wọn ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò ní oṣù yìí níwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, nítorí ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí àwa àgbà kì í fẹ́ dáhùn.

Kì í ṣe eré lásán ni kí ọmọ máa tọ́jú ewúrẹ́. Ní Mile 12, níbi tí ọkọ̀ ẹrù ti ń já tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu tí ó ti Òkè Ọya wá, oúnjẹ ẹran kò wọ́n; ṣùgbọ́n ọmọ náà ní láti kọ́ èyí tí ó dára nínú rẹ̀. Yóò kọ́ pé ewúrẹ́ a máa jẹ èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n pé èèpo ẹ̀gẹ́ tútù lè pa á, àfi bí a bá sá a gbẹ nínú oòrùn. Yóò kọ́ pé ẹran yìí, tí a ń fi ṣe ẹlẹ́yà pé kò sí ohun tí kò lè jẹ, kì í fẹ́ fi ẹnu kan koríko tí a ti tẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀, àti pé ó kórìíra òjò ju ọmọ ilé-ìwé lọ. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta, a ti sọ ọ́ ní orúkọ. Bí ó bá di ọjọ́ kẹfà, ó ti mọ ohùn ọmọ náà, a sì máa ké bí ó bá rí i pé ó ń lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọmọ náà ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ kan láti Yunifásítì Queen Mary ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́ àwọn ewúrẹ́ láti ṣí àpótí tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì dí àpótí náà pa tí kò ṣeé ṣí mọ́, àwọn ewúrẹ́ náà yíjú sí ẹni tí ó dúró nítòsí, wọ́n ń wò ó lójú, wọ́n sì ń wò ó pẹ́ bí ó bá kọjú sí wọn ju bí ó bá kẹ̀yìn sí wọn lọ. Ohun tí ọmọ ń wí ní àgbàlá ni àwọn ọ̀mọ̀wé rí.

Àwọn baba wa mọ èyí. Ọ̀rọ̀ kan náà, sìn, ni èdè wa ń lò fún títọ́ ẹran àti fún iṣẹ́ tí a ń ṣe fún Ọlọ́run. Wọ́n ní àṣà àgbàsìn pẹ̀lú, nípa èyí tí ẹni tí kò ní owó ewúrẹ́ a gba abo kan lọ́wọ́ ẹni tí ó ní, a sìn ín, wọn a sì jọ pín ọmọ rẹ̀. Ewúrẹ́ jẹ, ó relé: ní ìletò, kò sí okùn ní ọrùn rẹ̀. Ọmọdé a rí i nígbà tí ó bí ìbejì lẹ́yìn oṣù márùn-ún, nígbà tí àìsàn mú un, nígbà tí a tà á, àti nígbà tí a pa á. Kò sí ẹni tí ó ní láti fi ikú ẹran pamọ́ fún un, nítorí ìyè ẹran náà kò pamọ́ fún un. Ọmọ Kétu kò rí bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ni ó mọ̀, fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó sì fi gbogbo ọkàn rẹ̀ fún un.

Níhìn-ín ni irọ́ ti ń wọlé. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ọdún, a rán ọmọ lọ sí ilé ìbátan kan. Nígbà tí ó padà, okùn wà nílẹ̀, ewúrẹ́ kò sí. A ní ó já okùn sá lọ. Lẹ́yìn ìsìn Kérésìmesì, a bu ọbẹ̀ fún un. Ọmọbìnrin kan, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, bi wá léèrè ní ìloro ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ kejì ọdún pé ǹjẹ́ ewúrẹ́ òun ni òun jẹ, àti pé bí ó bá jẹ́ òun ni, kí ni ìdí tí ìyá òun fi sọ pé ó sá lọ? Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè méjì ni. Ti ìṣáájú jẹ mọ́ ẹran. Ti èkejì jẹ mọ́ ìyá, òun ni ó sì wúwo jù.

A kò sọ pé ọkàn búburú ni ó ń mú òbí purọ́ bẹ́ẹ̀, àánú ni. Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ ti fi ohun tí irú irọ́ yìí ń bí hàn wá. Nínú Gẹ́nẹ́sísì 27, awọ ọmọ ewúrẹ́ ni a fi bo ọwọ́ àti ọrùn Jákọ́bù, ẹran rẹ̀ ni ó sì gbé síwájú baba rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti ṣú. Ní orí 37, Jákọ́bù yìí kan náà ti di baba. Àwọn ọmọ rẹ̀ pa òbúkọ, wọ́n ti ẹ̀wù Jósẹ́fù bọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, arúgbó náà sì sọkún lórí ọmọ tí kò kú. Ẹni tí ó tan baba rẹ̀ di baba tí ọmọ ń tàn, ewúrẹ́ ni ó sì wà láàárín ní ìgbà méjèèjì. Ọmọ tí a tàn ní Kérésìmesì yìí ni a óò máa béèrè òtítọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sí i, nípa owó ilé-ìwé àti nípa ibi tí ó sùn.

Àwọn kan yóò wí pé kí a kúkú ra ẹran tí a ti gé lọ́jà. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n kò dín ikú ẹran kù. Ojú wa nìkan ni ó mú kúrò níbẹ̀. Àwọn mìíràn a máa fi omijé ọmọ rẹ́rìn-ín, pé ewúrẹ́ lásán ni. Àwọn wọ̀nyí ni a kò lè gbà fún. Nígbà tí Nátánì dúró níwájú Dáfídì, abo ọ̀dọ́-àgùntàn kan, tí ó ń bá tálákà jẹun tí ó sì ń sùn ní oókan àyà rẹ̀, ni wòlíì náà fi gún ọba ní ọkàn. Ọba kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ tí a bá mú ẹran wálé ni kí a sọ fún ọmọ ìdí tí a fi rà á, kí ó tó sọ ọ́ ní orúkọ. Bí ó bá ṣì fẹ́ tọ́jú rẹ̀, ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Kí okùn gùn, kí ibòji wà, kí omi má wọ́n ọn. Kí a má ṣe fi ipá mú ọmọ di ẹsẹ̀ ẹran mú, bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe fi ipá bu ẹran náà sí àwo rẹ̀. Bí ilé bá sì pinnu láti dá abo sí, kí àwọn ọmọ lè máa sìn ín, kí wọ́n tètè wá oníṣègùn ẹran. Nítorí àrùn kan wà tí a ń pè ní PPR, tí a kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní Ivory Coast ní 1942, tí ó lè pa púpọ̀ nínú agbo ní ọjọ́ díẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un. Kòkòrò àrùn tí a rí ní ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1975 ni a fi ṣe èyí tí a ń lò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, Nigeria 75/1 ni a sì ń pè é.

Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi bi wá pé, bí àwọn ọmọ bá fẹ́ gbàdúrà kí a tó pa ẹran náà, ṣé kò ní jọ ẹbọ? Ó tọ́ kí wọ́n bẹ̀rù rẹ̀, ní ilẹ̀ tí a ti ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹran bọ òrìṣà láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n a lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ rẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́fà: ẹni tí ó ń rúbọ ń fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe nǹkan fún òun, ẹni tí ó ń dúpẹ́ kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀. Kí a ṣe é ní ọ̀sán, ní ojú gbogbo ilé, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá. Bí ọmọ bá sì fẹ́ dárúkọ ewúrẹ́ náà nínú ọpẹ́ rẹ̀, kí a jẹ́ kí ó dá a.