Níbo Lẹ̀yin Gan-an Ti Ń Jẹun?

Àwọn àgbà ní abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi béèrè ọ̀nà ní Abẹ́òkúta lọ́dún kan, mo sì ṣìnà pátápátá. Ọ̀nà oúnjẹ ni mo béèrè. Iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú, ebi sì ti ń pa mí láti Ṣàgámù. Mo bi ọmọkùnrin tó ń gbàlejò ní òtẹ́ẹ̀lì tí mo wọ̀ sí pé, "Níbo lèèyàn ti lè rí oúnjẹ tó dáa jẹ ládùúgbò yìí?" Ó wo bàtà mi, ó wo báàgì tí mo gbé kọ́ èjìká, ó ní, "Ẹ̀yin, sà? Ẹ jẹ́ kí n júwe ibi tó bá yín mu."

Ibi tó bá mi mu náà tutù bí inú fíríìjì. Ìrẹsì díndín ni wọ́n gbé wá, pẹ̀lú itan adìyẹ kan tó le bí ẹni pé ó bá wọn jà kó tó kú. Abẹ́òkúta nìyẹn o, ìlú láfún, olú-ìlú ìpínlẹ̀ tí Ọ̀fàdà tó fún ìrẹsì ìbílẹ̀ wa lórúkọ wà. Ìrẹsì òyìnbó ni mo jẹ sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń lọ wọkọ̀, mo gba ẹ̀yìn gáréèjì kọjá. Ta ni mo rí lórí bẹ́ǹṣì? Ọmọkùnrin yìí kan náà. Ó ti ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó ń fi láfún kó ewédú, òógùn ń ṣàn níwájú orí rẹ̀. Ojú wa ṣe mẹ́rin, ó ní, "Ẹ wá jẹun, sà." Mo ní, "Á gba ibi ire o. Ṣé ibí lo ti ń jẹun, tí o wá rán mi lọ síbi tí o rán mi lọ lánàá?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ha, sà! Ṣé ibi tó yẹ kí n júwe fún irú yín nìyí?"

Ọmọ yẹn ò ṣe mí níkà. Ó pọ́n mi lé ni, àpọ́nlé yìí gan-an ló sì ń febi pa àlejò nílẹ̀ wa. Bí àlejò bá wọlé tọ̀ wá, àwo tí a kì í lò là ń wá lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tí àwa fúnra wa ń jẹ lójoojúmọ́, tí a sì ń pọ́nwọ́ lá, ojú á máa tì wá láti gbé e síwájú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá béèrè pé "Ibo ló dáa?" ti ní kí wọ́n wo aṣọ òun, kí wọ́n fojú díwọ̀n àpò òun, kí wọ́n sì wá ibi tí kò ní dójú ti ìlú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ìbéèrè padà. "Níbo lẹ̀yin gan-an ti ń jẹun?" ni mo ń béèrè báyìí. Èèyàn lè pọ́n àlejò lé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí í fi owó tí kò ní pọ́n ikùn ara rẹ̀ lé.

Ó ku ẹni tí a ó bi. Wọ́n máa ń sọ pé ibi tí awakọ̀ bá dúró sí ni oúnjẹ ti dùn. Ìdajì òótọ́ ni. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó kó èèyàn méjìdínlógún dé iwájú olóúnjẹ kì í sábà sanwó. Èrò tó kó wá ni owó rẹ̀. Ẹ wo abọ́ rẹ̀: ẹran mẹ́ta, ti yín ẹyọ kan. Adùn tirẹ̀ kọ́ ni adùn tiyín. Awakọ̀ tírélà ni kí ẹ lọ bá. Sìmẹ́ǹtì ni ẹrù tirẹ̀, sìmẹ́ǹtì kì í jẹun, owó àpò ara rẹ̀ ló fi ń ra tirẹ̀. Ní Ògèrè, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí tírélà ti ń tò lọ bí ìjàlọ, ẹ bi ọ̀kan nínú wọn. Ó lè jẹ́ tùwó ni yóò júwe fún yín torí pé Hausa ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n tùwó gidi ni ẹ ó jẹ.

Bí ẹ bá sì wà nínú ìlú, tí ẹ ní àyè, ẹ wọ ọjà, ẹ lọ bá aláta. Òun ló mọ olóúnjẹ tó ń ra ata tútù láàárọ̀, òun náà ló mọ èyí tó ń dúró de tòmátì tó ti rà. Alápatà náà mọ tirẹ̀: ó mọ ẹni tó ń gba ṣàkì kí oòrùn tó là, ó mọ ẹni tó ń bọ̀ lálẹ́ nígbà tí owó ẹran ti wálẹ̀, tí eṣinṣin sì ti jẹ tirẹ̀ yó. Wọn ò ní sọ fún yín bí ẹ bá sáré béèrè. Ẹ kí wọn, ẹ ra ata díẹ̀, ẹ wá fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ bọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn tí mo tún fọkàn tán ni àgùnbánirọ̀. Láti 1973 tí ìjọba ti ń rán àwọn ọmọ yìí káàkiri, kò sí ìlú tí wọn ò dé. Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ìyá wọn ò sì sí nítòsí. Tí àgùnbánirọ̀ bá ti lo oṣù mẹ́ta níbì kan, ó ti mọ ibi tí ọbẹ̀ ti nípọn.

Òwe kan wà tí mo máa ń bá jiyàn: ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ta ló ní kò rí bẹ́ẹ̀? Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí owó náà rà. Owó afẹ́fẹ́ tútù àti àga aláwọ ò sí nínú ọbẹ̀. Ní Ìbàdàn tí mo ń gbé, owó tó ń pa àmàlà ni owó èlùbọ́ tó gbẹ dáadáa tí kò bu, àti owó ọmọ mẹ́ta tó ń fi orógùn ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ro àmàlà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní kùtùkùtù, tí wọ́n fi ọ̀rá wé e sínú kúlà, ẹ má wulẹ̀ jókòó. Ibi tó dáa, etí lẹ ó kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n: ẹ ó gbọ́ orógùn lára ìkòkò, ẹ ó gbọ́ ìjábẹ̀ nínú ewédú, ẹ ó sì máa gbọ́ tí wọ́n ń ké pé "Ó ku díẹ̀, òmíràn ti fẹ́ jinná!" Wọ́n á da gbẹ̀gìrì, wọ́n á da ewédú, wọ́n á bu ọbẹ̀ ata lé e, abùlà nìyẹn. Ẹ máa fi etí sí orúkọ tí ará ìlú ń pe ibẹ̀ pẹ̀lú, torí kì í sábà sí lára pátákó. Ní Bódìjà, Àmàlà Skye ni gbogbo ìlú ń pe ilé oúnjẹ kan, nítorí báńkì Skye tó wà nítòsí rẹ̀. Ní 2018, ìjọba gba ìwé àṣẹ báńkì náà, Polaris gba ipò rẹ̀. Báńkì lọ, àmàlà ò yí orúkọ padà.

Ọ̀pọ̀ èrò nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì máa ń wà nílé àńjọ̀fẹ́ náà. Irú èèyàn tó wà lórí ìlà ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá rí ìyá arúgbó tó gbé abọ́ tirẹ̀ wá láti ilé, tó fẹ́ ra ọbẹ̀ nìkan, ẹ má bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá tó mọ ọbẹ̀ sè, tó wá ń sanwó ọbẹ̀ ẹlòmíràn, ó ti dájọ́ náà fún yín. Kí ẹ tó jókòó, ẹ yọjú wo omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Onígbáméjì kò mọ̀ pé ọbẹ̀ dùn.

Àṣìṣe mìíràn tí mo ti ṣe rí ni pé mo gbé ẹnu Ìbàdàn rìnrìn àjò. Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Mo dé Òkìtìpupa, mo béèrè àmàlà. Ìyá olóúnjẹ náà fún mi, kò bá mi jiyàn, ṣùgbọ́n bó ṣe wò mí, bí ẹni tó lọ sí etí odò lọ béèrè omi inú ọ̀rá ni. Púpurú ni wọ́n ń jẹ nílẹ̀ Ìkálẹ̀ àti ilẹ̀ Ìlàjẹ, láti ara ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ, tí wọ́n mọ rìbìtì, tí wọ́n yan lórí èéfín. Pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù, ẹ ò ní rántí iṣu. Àwọn ará Ìjẹ̀bú ní ìkókórẹ́ tí wọ́n ń fi ewùrà sè. Nílẹ̀ Èkìtì, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ ohun mìíràn kí ẹ tó jẹ iyán. Ẹni tó bá sì gba Ìkirè kọjá láàárín Ìbàdàn àti Ifẹ̀ láì ra dòdò wọn, dòdò dúdú tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù àti ata ṣe, ọkọ̀ ló rìn, kì í ṣe òun.

Ọ̀rọ̀ ohun mímu le ju ti oúnjẹ lọ, torí àkókò ló ni ín. Ẹmu kì í dúró deni bíi bíà inú ìgò. Bí adẹ́mu ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ ló ti ń hó. Èyí tó dùn bí oyin láàárọ̀ ti kan, ó sì ti le, kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, ẹ má bi ẹlẹ́mu pé ṣé ẹmu rẹ̀ dùn. Kò sí ẹlẹ́mu tó máa ní tòun kan. Ẹ bi í pé ìgbà wo ni wọ́n gbé e délẹ̀. Èyí tó bá ṣì dùn wọ̀ǹtìwọ̀ǹtì lálẹ́, ṣúgà ló wà nínú rẹ̀.

Ti ògógóró, mi ò bá yín ṣàwàdà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè nílẹ̀ Ìkálẹ̀ yìí kan náà, ó ju èèyàn mẹ́wàá lọ tó kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń jà. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, májèlé kan tí wọ́n ń pè ní methanol ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu, ojú kò sì lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ọtí gidi. Ẹni tí ẹ ò mọ̀, tó ń ta ọtí tí kò lórúkọ nínú ìgò lásán, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ìlànà ká jẹun níbi tí ará ìlú ti ń jẹ yìí rìn kọjá ilẹ̀ wa. Ní Salvador, ní Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil, àwọn obìnrin aláṣọ funfun, tí wọ́n wé gèlè funfun, máa ń dín àkàrà nínú epo pupa létí títì. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á la àárín rẹ̀, wọ́n á kó ọbẹ̀ kíki tí wọ́n ń pè ní vatapá àti edé gbígbẹ sí i. Ní 2005, ìjọba Brazil fi iṣẹ́ àwọn obìnrin yìí sínú àkọsílẹ̀ ogún ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Síbẹ̀, nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù FIFA ń bọ̀ níbẹ̀ ní 2013 àti 2014, òfin ìdíje náà kò fẹ́ kí oníṣòwò kékeré sún mọ́ pápá. Àlejò láti gbogbo ayé ì bá wo bọ́ọ̀lù nílùú àkàrà kí wọ́n má rí àkàrà jẹ. Àwọn obìnrin náà kò gbà, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n pariwo títí wọ́n fi gba àyè fún àwọn kan lára wọn. Bí ẹ bá débẹ̀, obìnrin náà á bi yín pé, "Quente?", ìyẹn ni pé ṣé kó gbóná. Kì í ṣe iná ló ń wí, ata ni. Kí òyìnbó rò ó dáadáa kó tó dáhùn. Ẹ̀yin, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ku ìkíni. Ẹ má kàn wọlé kí ẹ máa tọ́ka sí ẹran. "Ẹ kú ọjà o, ìyá. A ó tà á o." Kí ẹ sì kí àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́. Wọ́n á ní kí ẹ wá jẹun, ẹ ó ní á gba ibi ire, àyè ìjókòó á sì yọ lórí bẹ́ǹṣì tó ti kún tẹ́lẹ̀. Ẹni tó kí ìyá olóúnjẹ, mo ti rí i tí ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ẹran fún un nísàlẹ̀ ìkòkò.

Bí ẹ bá ń bọ̀ ní Ìbàdàn, ẹ má bi mí pé ibo ló dáa, torí èmi náà kì í ṣe ẹni tí àpọ́nlé ò lè mú. Ẹ bi mí níbi tí mo ti ń jẹun, kí ẹ sì tètè dé. Tó bá fi máa lu aago méjì ọ̀sán, ṣàkì ti tán.