Àwọn Obìnrin Ìdílé Hastings

Ẹ̀yin ìyá wa nínú Olúwa, ibi kíkà wa ni Ìṣe Àwọn Àpósítélì 16:14-15, ìtàn Lìdíà. Ẹ jẹ́ kí a rántí obìnrin ìdílé ọlọ́lá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Elizabeth Hastings kò lọ́kọ. Ó ná owó rẹ̀ sórí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní Yorkshire títí ó fi kú ní 1739. Margaret, ọmọ bàbá rẹ̀, gbọ́ ìwàásù Benjamin Ingham, ọ̀rẹ́ Wesley. Ó gbàgbọ́, kò sì lè pa ayọ̀ náà mọ́ra. Ó sọ ọ́ fún Selina, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. (Ọ̀rọ̀ ìyàwó àti ọmọ ọkọ! Àwa náà mọ ohun tí ó sábà máa ń dá sílẹ̀ nínú ilé.) Tiwọn bí ìgbàgbọ́.

Selina sin ọmọ, ó sin ọkọ ní 1746. Ní 1761 ó ta ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí £700, ó fi kọ́ ilé ìsìn sí Brighton. Ẹ̀yin tí góòlù yín wà nínú àpótí, ṣé ẹ gbọ́?

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ìyókù pamọ́. Nígbà tí George Whitefield kú ní 1770, ó fi ilé ọmọ aláìlóbìí ní Georgia sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú àwọn ẹrú ibẹ̀. Selina kò dá wọn sílẹ̀. Ọwọ́ tí ó ta góòlù ni! Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń sùn sí ilé ìdáná wa ńkọ́?

Ó kú ní 1791. Ní 1792, àwọn aláwọ̀ dúdú tí púpọ̀ nínú wọn ti ṣẹrú rí ní Amẹ́ríkà gbé ìjọ tí ó dá sílẹ̀ dé Freetown.